Òrùka tí màmá mi fi sílẹ̀: ṣé rúbì ni, àbí túmálíìnì, àbí gíláàsì lásán?

ÌyáTèmi_Àgbowó · Ọjọ́ Ẹtì, 8:20 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Màmá mi fi òrùka góòlù kan sílẹ̀ fún mi kí wọ́n tó jáde láyé. Òkúta pupa kan ló wà lórí rẹ̀, ó pupa rokoṣo bíi zobo tí wọn ò tíì bu omi là. Rúbì ni wọ́n ń pè é láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ọmọbìnrin mi fẹ́ ṣègbéyàwó nínú oṣù Kejìlá, mo sì fẹ́ kí wọ́n yọ òkúta náà, kí wọ́n fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn fún un.

Mo gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ góòlù kan. Kò tíì wò ó dáadáa tó fi ní gíláàsì ni, pé iye tí góòlù rẹ̀ bá wọ̀n nìkan lòun lè san. Bẹ́ẹ̀, èmi ò sọ pé mo fẹ́ tà á o! Ẹlòmíì ní kì í ṣe gíláàsì, pé túmálíìnì ni, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Òkè-Ògùn. Màmá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa wá ní kí n fi sínú iná, pé tó bá jẹ́ ojúlówó, iná ò ní lè fi ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rù ń bà mí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n? Tí kì í bá sì í ṣe rúbì, ṣé kò níyì mọ́ nìyẹn?

Ṣẹ́gun_Mọ́kọ́lá · 8:41 àárọ̀

Mọ̀mí, ẹ kú ìrọ́jú ti Màmá. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ má dán ọ̀rọ̀ iná yẹn wò rárá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kí ẹ fi ha gíláàsì fèrèsé. Tó bá ha á, ojúlówó ni. Tí kò bá ha á, gíláàsì ni òun náà. Kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Alókùúta_Òjòó · 9:05 àárọ̀

Àbúrò Ṣẹ́gun, ìyẹn ò fi nǹkan kan hàn. Lórí òṣùwọ̀n líle tí wọ́n ń pè ní Mohs, gíláàsì fèrèsé kò ju bíi 5.5 lọ. Quartz, òkúta kan tí kò wọ́n rárá, wà ní 7, túmálíìnì wà láàárín 7 sí 7.5, rúbì wà ní 9. Gbogbo wọn ló máa ha gíláàsì. Rúbì tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe náà máa ha á. Kí lẹ wá mọ̀? Ẹ kàn máa bu etí òkúta jẹ ni, torí pé òkúta tó le lè ṣẹ́. Díámọ́ńdì tó wà ní 10, ẹ fi òòlù lù ú kí ẹ wò ó.

Mọ̀mí, òkúta ni mò ń tà ní Òjòó níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí à ń ṣe. Tí ẹnìkan bá gbé òkúta pupa wá, a kì í fi àwọ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Rúbì pupa, gánẹ́ẹ̀tì pupa, spinel pupa, túmálíìnì pupa, gíláàsì náà pupa. Ẹni tó bá fi àwọ̀ nìkan ra òkúta, owó rẹ̀ ló máa ṣòfò. Lúùpù la ń mú. Awò kékeré ni, ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ gbé lúùpù sún mọ́ ojú títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìpéǹpéjú, kí ẹ wá máa gbé òkúta bọ̀ wá bá a. Àṣìṣe àwọn tí kò mọ̀ ọ́n lò ni pé wọ́n máa ń na ọwọ́ jìnnà.

Ẹ gba ojú òkúta wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí àwọn ojú tí wọ́n gé sí i ti pàdé. Tó bá jẹ́ túmálíìnì, ìlà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ á dà bíi pé ó jẹ́ méjì. Gíláàsì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìlà kan ni ẹ máa rí. Lẹ́yìn náà, ẹ wá inú rẹ̀ wò. Tí ẹ bá rí ìfófó afẹ́fẹ́ roboto kéékèèké, ẹ fura sí gíláàsì. Túmálíìnì pupa sábà máa ń ní ìlà tín-ín-rín wọ́kọwọ̀kọ nínú, omi àti afẹ́fẹ́ ló há síbẹ̀ láti inú ilẹ̀. Ẹ wo etí ojú òkúta náà pẹ̀lú: gíláàsì tí wọ́n ti wọ̀ fún ọdún púpọ̀, etí rẹ̀ á ti kúnná, kò ní mú mọ́.

Ẹni tó ní gíláàsì ni láìwò ó, ẹ fi sílẹ̀. Góòlù ló fẹ́ rà.

BàbáWúrà · 9:32 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Alókùúta, ẹ ṣe pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú àwa alágbẹ̀dẹ o. Kì í ṣe gbogbo wa la fẹ́ fi ọgbọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ oníbàárà. Iṣẹ́ wa ni góòlù. Tí a bá fẹ́ ra òrùka, a gbọ́dọ̀ yọ ìwọ̀n òkúta kúrò, torí pé òkúta kì í yọ́, kò sì sí ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ wa bí kò bá mọ ohun tó jẹ́. Èmi náà á sọ fún oníbàárà pé iye góòlù ni mo lè san. Àmọ́ mi ò ní sọ pé gíláàsì ni. Màá yọ òkúta náà, màá dá a padà fún un.

Ti iná: Màmá ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Kí a tó jó òrùka, òkúta là ń kọ́kọ́ yọ. Túmálíìnì máa ń là tí ooru bá bà á lójijì. Ẹ́márádì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kódà àwọn rúbì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ti fi gíláàsì dí ojú ibi tó ti sán, iná kékeré á ti tú gíláàsì náà jáde.

Ìyá Tèmi, tí wọ́n bá ti yọ òkúta náà, ọ̀nà kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ lọ bá alágbẹ̀dẹ tó ní ìwọ̀n tó ń fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù hàn. Kó wọn òkúta. Kó wá gbé ife omi sórí ìwọ̀n, kó dá a padà sí òdo, kó fi òwú tín-ín-rín so òkúta, kó rì í sínú omi láìjẹ́ kó kan ìdí ife tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà tó bá jáde lórí ìwọ̀n ni kí ẹ fi pín ìwọ̀n àkọ́kọ́. Rúbì máa fún yín ní bíi 4. Túmálíìnì, bíi 3.06. Quartz, 2.65. Gánẹ́ẹ̀tì máa ń lọ sókè ju 3.5.

Gẹ́ọ́_Sámọńdà · 10:10 àárọ̀

Bàbá Wúrà, ẹ ṣé gan-an, ọ̀nà tí à ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé kí òwú máà pọ̀, kí ìfófó afẹ́fẹ́ má sì lẹ̀ mọ́ òkúta nínú omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìṣirò á yà kúrò lọ́nà. Òkúta tó kéré jù náà kì í jẹ́ kó péye. Gíláàsì kò sì ní nọ́ńbà kan pàtó. Ó lè wọ̀n bíi 2.3, ó sì lè tó 4 tí wọ́n bá fi òjé sí i. Ìyẹn ni pé tí ẹ bá rí 4, ẹ má tíì jó.

Ẹ̀gbọ́n Alókùúta, ohun kan nìkan ni mo fẹ́ tún ṣe nínú ọ̀rọ̀ yín. Ìlà méjì yẹn kì í hàn láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Gbogbo òkúta tó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí méjì ló ní apá kan tàbí méjì tí kò ti ní pín in. Tí ẹni tó ń gé òkúta bá gé túmálíìnì kí apá yẹn kọjú sókè, ẹ lè wò ó tààrà kí ẹ má rí ìlà méjì. Ẹ máa yí i, kí ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́.

Ní ti rúbì: rúbì àti sàfáyà, òkúta kan náà ni wọ́n. Corundum lorúkọ rẹ̀. Tí kòrómíọ̀mù díẹ̀ bá wọ inú rẹ̀, ó di rúbì. Tí áyẹ́nì àti titanium bá wọ ọ́, ó di sàfáyà aláwọ̀ búlúù. Nínú corundum pupa, kòrómíọ̀mù yẹn máa ń tan pupa lábẹ́ iná ultraviolet. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí tí wọ́n ti ń yẹ owó Náírà wò, kí ẹ gbé òrùka náà sábẹ́ iná wọn. Tó bá tan pupa bíi ẹ̀yinná, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ corundum. Túmálíìnì sábà máa dákẹ́ síbẹ̀ ni, kò ní tan.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn nìkan dá ẹjọ́ o. Àwọn rúbì tí áyẹ́nì pọ̀ nínú wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ tan. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ló sì máa ń tan jù. Ọdún 1902 ni Auguste Verneuil, ará Faransé, ti kéde bí wọ́n ṣe ń fi iná yọ́ ìyẹ̀fun di rúbì, kì í ṣe ohun tuntun. Òrùka tí màmá wa rà ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn lè ní irú rẹ̀ lórí. Lábẹ́ lúùpù, ìlà inú irú rúbì bẹ́ẹ̀ máa ń tẹ̀ kọrọdọ, nígbà tí ti inú ilẹ̀ máa ń tọ́ gbọnrangandan.

Àṣàkẹ́_Iyùn · 10:48 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí èmi bu iyọ̀ sí i. Ìyàwó Yorùbá ni yóò wọ nǹkan yìí, ẹ ò sì dárúkọ iyùn. Kí ẹ wá iyùn tó dáa fún ọmọ, kí ẹ fi òkúta náà sí àárín, ó parí. Ti ìyá mi ni mo wọ̀ níjọ́ tèmi. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fi ń fọ̀ ọ́ kó lè máa dán.

Gẹ́ọ́_Sámọńdà · 11:02 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Àṣàkẹ́, ọsàn wẹ́wẹ́ kẹ̀? Ẹ dá a dúró lónìí! Tó bá jẹ́ iyùn òkun, kálísíọ̀mù kábọ́nétì ni, ohun kan náà tí èèpo ẹyin jẹ́. Ọsàn ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Iyùn bẹ́ẹ̀ kò ju 3 sí 4 lọ lórí Mohs. Aṣọ mímọ́ tó rin díẹ̀ ti tó láti fi nù ún, kí ẹ sì fi lọ́fínńdà sára tán kí ẹ tó so ó mọ́ ọrùn.

Àṣàkẹ́_Iyùn · 11:09 àárọ̀

Hàà. Tèmi kì í ṣe ti òkun, ti òkúta ni, irú lántànà tí wọ́n ń lọ̀ ní Ìlọrin láyé àtijọ́. Kò tíì ṣe nǹkan kan láti ìgbà yìí.

Gẹ́ọ́_Sámọńdà · 11:15 àárọ̀

Ó ti yé mi. Jasper àti carnelian nìyẹn, ẹbí quartz. Ọsàn ò lè ṣe é ní nǹkan kan, òwú rẹ̀ nìkan ló lè jẹ. Ṣùgbọ́n ẹlòmíì tó ní ti òkun lè ka ọ̀rọ̀ yín kó lọ ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí tí mo fi pariwo nìyẹn.

Túndé_Bódìjà · 12:30 ọ̀sán

Ìbéèrè kejì Mọ̀mí ni ẹnì kankan ò tíì dáhùn: tí kì í bá ṣe rúbì, ṣé kò níyì? Òkúta pupa ńlá tó wà níwájú adé ọba Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní Black Prince's Ruby, spinel ni. Wọ́n ti mọ̀ tipẹ́, wọn ò sì yọ ọ́.

Túmálíìnì pupa tilẹ̀ ni nǹkan tí ilẹ̀ wa fi gbajúmọ̀. Ní 1998, èyí tó jáde láti apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà níbí pọ̀ débi pé gbogbo oníṣòwò òkúta lágbàáyé ló gbọ́ nípa rẹ̀. Ní 2001, wọ́n tún rí túmálíìnì tí bàbà wà nínú rẹ̀ ní Nàìjíríà, tó ń tàn ní búlúù àti àwọ̀ ewé bíi ti Paraíba ní Brazil. Ní 2014, sàfáyà jáde ní Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba. Àwa ló wà nídìí ẹ̀, síbẹ̀ tí a bá gbọ́ "túmálíìnì" a máa ń yínmú bíi pé wọ́n bú wa.

Ìyẹn nìkan kọ́. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé jáde láìgé, ó di Jaipur ní Íńdíà tàbí Bangkok ní Thailand kí wọ́n tó gé e.

Alókùúta_Òjòó · 1:15 ọ̀sán

Òótọ́ lo sọ, Túndé. Àmọ́ má jẹ́ kí Mọ̀mí rò pé gbogbo túmálíìnì pupa ló wọ́n. Àwọ̀ ló ń pa owó, lẹ́yìn náà ni bí inú rẹ̀ ṣe mọ́, lẹ́yìn náà ni gígé, lẹ́yìn náà ni ìwọ̀n. Káráàtì márùn-ún ló wà nínú gíráàmù kan. Òkúta káráàtì mẹ́rin kì í ṣe ìlọ́po mẹ́rin owó oní-káráàtì-kan, ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ńlá tó mọ́ ṣọ̀wọ́n.

Mọ̀mí, ẹ má wò ó lábẹ́ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù. Àwọn gílóòbù yẹn máa ń jẹ́ kí òkúta burúkú rí bí ọba. Ẹ wò ó lójú ọ̀sán, níbi òjìji, kí oòrùn má ba yín lójú. Ẹ tún wò ó lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù pupa inú yàrá. Túmálíìnì pupa tó dáa kì í yí padà, kò ní di àwọ̀ búráùn lálẹ́. Kí ẹ tún gbé e lé orí ìwé ìròyìn, kí ojú rẹ̀ wà lókè. Tí ẹ bá lè ka lẹ́tà láti àárín rẹ̀, wọ́n gé e ní pẹlẹbẹ jù, ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dípò kó padà wá sójú yín. Wọ́n ń pe ìyẹn ní fèrèsé.

Kúnlé_ÌwóRoad · 2:02 ọ̀sán

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ dáadáa, kò sí ẹni tó sọ pé wọ́n máa ń se òkúta. Wọ́n ń fi iná se é kí àwọ̀ rẹ̀ lè dára, wọ́n á wá tà á fún wa bí ojúlówó. Jìbìtì ni. Mi ò ní ra òkúta kankan láé.

Alókùúta_Òjòó · 2:20 ọ̀sán

Kì í ṣe jìbìtì tí wọ́n bá sọ fún ẹ. Ọ̀pọ̀ sàfáyà, ọ̀pọ̀ aquamarine, wọ́n ti rí ooru kí wọ́n tó dé ọjà, gbogbo ayé ló mọ̀. Ámẹ́tíìsì, quartz aláwọ̀ àlùkò, tí wọ́n bá se é, ó lè di àwọ̀ yẹ́lò. Ó ṣì jẹ́ òkúta láti inú ilẹ̀. Jìbìtì ni kí wọ́n pa á mọ́, tàbí kí wọ́n fi owó èyí tí wọn ò sè gba owó lọ́wọ́ rẹ.

Gẹ́ọ́_Sámọńdà · 2:34 ọ̀sán

Ìyàtọ̀ wà nínú ìtọ́jú náà. Sàfáyà tí wọ́n fi ooru tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe, kò tún ní padà, ẹ lè wọ̀ ọ́ títí. Ẹ́márádì tí wọ́n fi epo kún ojú ibi tó sán ńkọ́? Epo yẹn lè gbẹ, omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ líle á fà á jáde, òkúta á wá rí bí gíláàsì tó fọ́. Rúbì tí wọ́n fi gíláàsì dí ni ó burú jù. Kúnlé, ìwọ béèrè pé "kí ni wọ́n ti ṣe sí i?" kó o tó béèrè iye. Tí ẹni tó ń tà á bá bínú, jáde.

Kúnlé_ÌwóRoad · 2:40 ọ̀sán

Wọ́n máa ń bínú o 😂

ÌyáTèmi_Àgbowó · Ọjọ́ Àìkú, 5:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣé gan-an. Ẹnìkan nínú yín pè mí sórí fóònù, Ọlọ́run á bù kún un. A lọ bá alágbẹ̀dẹ tó sọ pé túmálíìnì ni níjọ́sí. Ó yọ òkúta náà lójú mi. Ó wọn gíráàmù 1.84. Nínú omi, ìwọ̀n rẹ̀ fi 0.60 hàn. Mo pín in lórí fóònù: 3.07. Wọ́n gbé e lábẹ́ iná tí wọ́n fi ń yẹ owó, kò tan rárá.

Ẹni náà tún mú mi lọ bá ẹnìkan tó ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń kán omi kan sí lójú, tí wọ́n á wá gbé òkúta lé e. Ó ní bí òkúta ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ ló ń wọ̀n. Ìlà méjì ló jáde níbẹ̀, 1.62 àti 1.64. Ó ní tí ó bá jẹ́ rúbì ni, ó yẹ kí òun rí 1.76. Ó fi lúùpù hàn mí. Mo rí àwọn ìlà wọ́kọwọ̀kọ yẹn nínú rẹ̀! Mo tún rí nǹkan kan tí mi ò mọ̀ rí: tí mo bá wò ó láti òkè, ó pupa bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Tí mo bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó dúdú, ó fẹ́ pọ́n bíi ẹ̀jẹ̀. Láti ẹ̀gbẹ́ kejì, ó tàn díẹ̀. Màmá mi wọ̀ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò sì rí i rí torí pé góòlù bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Túmálíìnì ni. Alágbẹ̀dẹ ti ń béèrè báyìí bóyá kí òun fi góòlù yí i ká pátápátá tàbí kí òun fi èékánná mẹ́rin mú un. Kí ni kí n sọ?

BàbáWúrà · 6:25 ìrọ̀lẹ́

Káráàtì mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀ nìyẹn! Ó tóbi o.

Tó bá jẹ́ òrùka ni, màá ní kó yí i ká pátápátá, torí ọwọ́ ń gbá ilẹ̀kùn, ó ń gbá ìkòkò. Ọrùn kì í gbá nǹkan. Èékánná mẹ́rin ló dáa jù, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé láti ẹ̀gbẹ́, kí ọmọ náà lè rí àwọ̀ tí ẹ rí lónìí. Tó bá jẹ́ pé igun ló ní, ẹ ní kí èékánná bo àwọn igun náà, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ṣẹ́.

Alókùúta_Òjòó · 6:40 ìrọ̀lẹ́

Mi ò fara mọ́ mẹ́rin. Kó fi mẹ́fà. Òkúta tó wúwo bẹ́ẹ̀, tí èékánná kan bá ṣí lójú agbo níbi tí wọ́n ti ń ná owó, ta ló máa wá a nílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn?

BàbáWúrà · 6:44 ìrọ̀lẹ́

Mẹ́fà á bo òkúta. Ẹ ní kó fi mẹ́rin, kó jẹ́ kí ó nípọn, góòlù káráàtì 18, kì í ṣe 22 (ti góòlù, bó ṣe mọ́ tó ni káráàtì ń sọ, kì í ṣe ìwọ̀n). Èyí tó jẹ́ 22 máa ń rọ̀.

Àṣàkẹ́_Iyùn · 7:03 ìrọ̀lẹ́

Kí ẹ má gbàgbé, ọṣẹ tí kò le, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ọmọdé. Ẹ má kó o pọ̀ mọ́ àwọn yẹtí díámọ́ńdì nínú àpótí kan, díámọ́ńdì á ha á. Ẹ sì fún wa ní fọ́tò ọjọ́ náà o, aṣọ àwọ̀ wo ni ẹ fẹ́ dá?

ÌyáTèmi_Àgbowó · 7:20 ìrọ̀lẹ́

Mẹ́rin tó nípọn ni mo ní kó ṣe, góòlù 18. Ó ní Ọjọ́rú kí n wá wò ó kó tó fi òkúta sí i. Aṣọ òkè ni, Ẹ̀gbọ́n mi, àlàárì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àlàárì, ṣé pupa á bá pupa lọ, àbí ó ti pọ̀ jù?

Àṣàkẹ́_Iyùn · 7:24 ìrọ̀lẹ́

Kò pọ̀ jù. Ẹ kàn fi góòlù sí i lọ́wọ́ dípò iyùn, kí ọrùn nìkan pupa.